Ìwé àyẹ̀wò ìtọ̀ ọmọ mi kún fún "R". Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń ka irú èyí ní Nàìjíríà?

Ìyá Ìbejì Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kẹ́hìndé mi, ọmọbìnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tó bá sì fẹ́ tọ̀, ẹkún ni. Mo ra Septrin àti Flagyl ní kẹ́mísìtì, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Ara rọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì, ó tún gbóná padà. Ilé ìwòsàn kékeré kan ṣe àyẹ̀wò Widal fún un, wọ́n ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ceftriaxone fún ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ kẹta tí abẹ́rẹ́ parí ni ibà tún dé. Ó ti rẹ ọmọ débi pé Táíwò ló ń gbé ife omi sí i lẹ́nu.

Dókítà àgbà obìnrin kan tí a padà lọ bá ló ní kí wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lọ gbìn ín ní láàbù, èyí tí wọ́n ń pè ní MCS. Ọjọ́ mẹ́ta la fi dúró. Ìwé tó jáde rèé níwájú mi. Lókè, wọ́n kọ Escherichia coli. Nísàlẹ̀ rẹ̀, orúkọ oògùn mẹ́wàá. Septrin, R. Ampicillin, R. Augmentin, R. Cefuroxime, R. Ceftriaxone, R. Cipro, R. Gentamicin, R. Amikacin, nitrofurantoin àti meropenem nìkan ló ní S. Kí n tó débẹ̀, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n.

A dúpẹ́, wọ́n dá a dúró, wọ́n fi amikacin wò ó, a ti padà sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi. Báwo ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ṣe dé ara ọmọ ọdún mẹ́rin? Àti pé, ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ṣé ẹnì kan wà ní NCDC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àrùn, ní Jabi níbẹ̀ yẹn tó máa mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Sàbó, Kánò

Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ní wọ́ọ̀dù tiwa, kì í ṣe tuntun. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni àwọn ọmọ tuntun jòjòló, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní ṣeé gbìn nítorí pé owó rẹ̀ ò sí tàbí pé ìgò tí wọ́n fi ń gbà á ti tán. A ó kàn máa pààrọ̀ oògùn títí ọ̀kan á fi mú un, tàbí títí ọmọ á fi lọ.

Oníláàbù Garki

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ láàbù ní Àbújá. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

R yẹn ni pé oògùn náà ò mú kòkòrò yẹn mọ́. S ni pé ó ṣì ń mú un. E. coli fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò. Ó wà nínú ìfun èmi àti ẹ̀yin báyìí, ibẹ̀ nilé rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ò sì ní wa lára. Ìgbà tó bá gba ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ, bíi ọ̀nà ìtọ̀ tàbí inú ẹ̀jẹ̀, ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ìtọ̀ ọmọbìnrin kúrú, ó sì sún mọ́ ìdí, ìyẹn ni kì í fi í nira fún un láti débẹ̀.

Nísinsìnyí, gbogbo oògùn apakòkòrò tí ọmọ bá mu, ìbáà jẹ́ nítorí etí tàbí ikọ́, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìfun. Á pa àwọn kòkòrò tí kò lágbára, àwọn tó ti mọ oògùn lójú á kù, wọ́n á sì rí àyè bí sí i. Ohun tó tún burú ni pé wọn kì í fi ọgbọ́n yẹn mọ sọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n máa ń ta á látaré bí ẹni ta iná sí àtùpà aládùúgbò, kódà fún kòkòrò tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ má tíì mu ceftriaxone rí láyé rẹ̀, kó sì ti gba kòkòrò tí ceftriaxone ò mú, láti inú omi, láti inú oúnjẹ, tàbí láti ọwọ́ ẹni tó gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lójú wa. A máa ń kọ́kọ́ gbin ìtọ̀ sórí ohun kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú bíi zobo tí wọ́n bomi là. Tó bá di ọjọ́ kejì, E. coli á ti hù sórí rẹ̀. A ó bu díẹ̀, a ó rẹ́ ẹ káàkiri àwo mìíràn tó ní àwọ̀ omi ògì, a ó wá to bébà róbótó pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n ti fi oògùn rẹ sí i lórí. Mìlímítà mẹ́fà ni bébà kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo ojú àwo á ti ṣú bí dígí tí èémí bò, àfi àyíká oògùn tó bá ṣiṣẹ́, ibẹ̀ á mọ́ kedere, rúlà la fi ń wọ̀n ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo ní àwo kan tí kòkòrò hù dé ẹnu bébà ceftriaxone, ẹ ò ní rí àlàfo tó gba irun orí. Ṣùgbọ́n lápá ibi tí bébà Augmentin wà nítòsí rẹ̀, ojú àwo mọ́, ó sì fà gùn sọ́dọ̀ Augmentin bí ihò kọ́kọ́rọ́. Tí a bá ti rí ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn, a ti mọ ẹni tí a ń bá jà. Kòkòrò yẹn ní ohun kan tó ń pọ̀ jáde, tó fi ń gé oògùn já kó tó ṣiṣẹ́. ESBL la ń pè é. Ohun kan wà nínú Augmentin tó ń di ohun tó ń gé oògùn yẹn lọ́wọ́, ìyẹn ló fà á tí ibẹ̀ fi mọ́.

Ní ti Jabi, NCDC yan àwọn láàbù kan ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá káàkiri. Àwọn yẹn ló ń kó èsì wọn sínú WHONET, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to èsì láàbù, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́. Láti ibẹ̀ ló ń lọ sí GLASS, ètò tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé kalẹ̀ ní 2015 láti máa tọpa kòkòrò tí oògùn ò mú ní gbogbo ayé. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2017, ọdún kan náà tí ìjọba wa gbé ètò àkọ́kọ́ jáde lórí bí a ó ṣe gbógun ti irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Tí láàbù tí ẹ lọ ò bá sí lára àwọn tí wọ́n yàn, ẹ má bínú sí mi, ìwé yín ò dé ibì kankan. Ẹ̀yin àti dókítà yín nìkan lẹ mọ̀.

Baba Kẹ́mísìtì Nyanya

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, mo sì mọ̀ pé èmi ni gbogbo yín ń wò láìdárúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ìyá kan á gbé ọmọ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, láti Mararaba. Ara ọmọ ń jó bí iná. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó ìdajì owó MCS, láàbù ti tì, èsì sì di ọjọ́ kẹta kó tó jáde. Ṣé kí n ní kó máa gbé ọmọ lọ? Àwọn àgbàlagbà ńkọ́? Wọ́n á ní "ẹ bá mi mú kápúsù méjì". Tí mo bá ní ẹni tó bá fẹ́ mu ún gbọ́dọ̀ mu ún pé, wọ́n á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn. Mo rí obìnrin tó ń ra Ampiclox lóṣooṣù bí ẹni ra ọṣẹ. Mo rí ẹni tó ń tú kápúsù tẹtira sójú egbò. Mo ti bá wọn sọ ọ́ títí ó ti sú mi.

Nọ́ọ̀sì Sàbó, Kánò

Baba, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ òfin. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ oògùn kéékèèké nìkan, kò sí oògùn apakòkòrò nínú ohun tí wọ́n ní kó tà. Ceftriaxone oníyẹ̀fun tó wà ní ìsàlẹ̀ káńtà yín yẹn, ta ló ní kó dé ibẹ̀?

Baba Kẹ́mísìtì Nyanya

Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Mi ò ní purọ́, ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kó o kúrò, kó fi ibi tí ìyá Mararaba yẹn máa sá lọ ní aago mẹ́sàn-án hàn mí. Ìbéèrè tèmi nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi oògùn wo ló ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò wa yìí. Láti ìgbà tí mo ti dé Nyanya, kò sí ẹni tó wá sọ ọ́.

Ọmọ Zaria

Ọ̀rọ̀ tí Baba fi parí yìí gan-an ni ìdí tí ìtọpinpin fi wà, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìmọ̀ ìlera àwùjọ ni mò ń kọ́ ní Zaria, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà ṣírò pé ní ọdún 2019, ènìyàn 64,500 ni kòkòrò tí oògùn ò mú pa tààrà ní Nàìjíríà, tó sì wà lára ohun tó kó bá ikú 263,400. Ní gbogbo ayé, mílíọ̀nù 1.27 ló pa tààrà lọ́dún yẹn. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló burú jù fún. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ tí mo lò: wọ́n ṣírò ni. Ìṣirò yàtọ̀ sí kíkà. Wọ́n lo ohun díẹ̀ tí wọ́n rí, wọ́n fi ìmọ̀ dí ibi tó ṣófo. Ibi tó ṣófo yẹn, àwa ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 14 ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé nínú láàbù 100, ó lé díẹ̀ lọ́kan, 1.3 gan-an ni wọ́n kọ, ló ń ṣe àyẹ̀wò bakitéríà.

Èyí tí a sì rí kà, ẹ wo irú ẹni tí a kà. Ta ló ń dé ibi MCS? Ẹni tí kẹ́mísìtì ti wò tí kò san, tí ilé ìwòsàn kékeré ti wò tí kò san, tó sì tún rí owó. Bíi Kẹ́hìndé. Kòkòrò tí oògùn mú ti kú sọ́nà kó tó délé àyẹ̀wò, èyí tó le ló kù nínú ìgò. Nítorí náà, èsì wa máa ń burú ju bó ṣe rí nínú ìlú lọ. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ọmọ tó kú ní abúlé ní Katsina láì sí ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí nínú ìwé kankan. Apá kan ń fẹ̀ jù, apá kan ò sí rárá, a wá kó méjèèjì pọ̀, a ní ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Mo lo oṣù méjì lórí ìwé àkọsílẹ̀ láàbù ilé ìwòsàn kan níhìn-ín, ìwé gbọọrọ tí wọ́n fi rúlà là. Àyè kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ oògùn tí aláìsàn ti lò tẹ́lẹ̀ sí. Ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, dáàṣì ni wọ́n fà síbẹ̀. Dáàṣì yẹn ló dá mi dúró. Láìsí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, mi ò lè yà ẹni tó ti mu oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò mu.

Ẹ̀gbọ́n Lugbe

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré. Tí ọmọ bá ti san, ṣé kòkòrò yẹn ti kúrò lára rẹ̀ nìyẹn?

Oníláàbù Garki

Kúrò nínú ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìfun, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìṣe é ní nǹkan kan. Kò sí oògùn tí a ń lò láti lé e kúrò níbẹ̀, oògùn mìíràn ló sì lè mú un gbilẹ̀. Ọwọ́ fífọ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ àti ṣáájú oúnjẹ ni kó má fi dé ara Táíwò. Ẹ má bẹ̀rù ọmọ yín o.

Alájì Àdìẹ Kaduna

Ẹ kú ìjókòó. Ẹran ni mò ń sìn, àdìẹ 2,000 lójú kan, nítòsí Kaduna. Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba ọ̀dọ̀ wa, mo sì rò pé ó yẹ.

Ibàdàn tàbí ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọmọ àdìẹ wa ti ń wá. Òru ni ọkọ̀ fi ń rìn, kí wọ́n tó dé, àwọn mìíràn ti kú nínú páálí, àwọn tó kù ń gbọ̀n. Ohun tí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ́ mi ni kí n tú oògùn apakòkòrò sínú omi wọn láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ karùn-ún, àìsàn ìbáà wà, ìbáà má sí. Enrofloxacin ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí dókítà ẹran kan tó sọ fún mi pé mọ̀lẹ́bí Cipro ni, àti pé inú ara àdìẹ, ó ń yí padà di Cipro fúnra rẹ̀. Ó dùn mí. Ìyàwó mi ń ra Cipro ní kẹ́mísìtì, èmi ń fi ìbátan rẹ̀ sínú ike omi àdìẹ.

Ìgbẹ́ wọn ńkọ́? Àwọn àgbẹ̀ fàdámà ló ń wá fi ọkọ̀ kó o, wọ́n á dà á sí ìdí ewébẹ̀. Ewébẹ̀ yẹn ni a ń fi ṣe sàláàdì.

Mo ti dín in kù. Orí ìmọ́tótó ilé àdìẹ ni mo gbé owó oògùn lọ, ìyàtọ̀ tí mo rí nínú iye tó ń kú ò tó nǹkan. Ilé ìwádìí àrùn ẹran wà ní Vom ní Plateau, láti 1924 ló ti wà. Mo fẹ́ kí wọ́n wá gba ìgbẹ́ àdìẹ mi. Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀.

Oníláàbù Garki

Alájì Àdìẹ, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ.

Ètò kan wà tí WHO kọ jáde ní 2021, Tricycle lorúkọ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bíi kẹ̀kẹ́ NAPEP tí gbogbo wa ń wọ̀. Kòkòrò kan ṣoṣo ló ń tọpa, E. coli tó ní ESBL, irú tí mo sọ lókè. Ẹsẹ̀ kìíní ni ènìyàn: yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n ń gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn aboyún tí ara wọn le. Ẹsẹ̀ kejì ni ìfun àdìẹ láti ọjà. Ẹsẹ̀ kẹta ni omi ẹ̀gbin àti omi odò. Wọ́n á gbìn ín sórí ohun tí wọ́n ti po oògùn cefotaxime mọ́, ohun tó bá hù níbẹ̀, oògùn ò mú un nìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá nínú rẹ̀.

Ohun tí Ọmọ Zaria sọ ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Aboyún tí ara rẹ̀ le kò wá nítorí pé kẹ́mísìtì ò rí i wò sàn. Ìfun rẹ̀ á sọ ohun tó wà nínú ìlú fún wa. Omi gọ́tà kì í bèèrè owó MCS lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbẹ́ olówó àti ti tálákà ló pàdé nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé a ò lè ṣe é. Láti 2011 ni wọ́n ti ń bu omi gọ́tà ní Kánò láti fi wá kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Àwọn ènìyàn wa ló ń jí ní kùtùkùtù, tí wọ́n ń gbé kúlà, tí wọ́n ń bù ú. Ìṣọ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ pé àrùn náà ti kúrò, tí wọ́n fi kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé irú rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio ti tán ní Áfíríkà. Níhìn-ín ní Àbújá, ibùdó omi ẹ̀gbin Wupa wà lápá Idu. Ẹni tó bá ń bu omi níbẹ̀ lóṣooṣù, á mọ ohun tó wà nínú ìfun ìlú yìí ju bí ìwé láàbù mi ti lè sọ fún un lọ.

Ọmọ Zaria

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n owó dà? Púpọ̀ nínú ohun èlò láàbù tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, owó Fleming Fund ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi rà á, ní oṣù keje 2025 ni wọ́n sì kéde pé àwọn ń pa á tì. Ètò kejì ti Nàìjíríà, ti 2024 sí 2028, wà nílẹ̀, ó sì dára lórí ìwé. Ìpàdé àwọn mínísítà àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí, Jeddah ni wọ́n ṣe é ní 2024, Nàìjíríà ló kàn láti gbà á lálejò ní 2026. Kí wọ́n tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún àlejò, mo bẹ̀ wọ́n, kí ìgò tí a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ má tán ní Kánò.

Nọ́ọ̀sì Sàbó, Kánò

Àmín o. Àmín.

Baba Kẹ́mísìtì Nyanya

Oníláàbù, tí ẹ bá mọ ẹni tó lè wá bá ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ ní Nyanya, Sátidé kejì nínú oṣù la máa ń pàdé. Èmi á ra omi àti ìjókòó. Mo ti kó ceftriaxone yẹn kúrò.

Oníláàbù Garki

Èmi fúnra mi á wá, Baba. Ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì, nǹkan kan kù. Tí ẹ bá ń lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ gbogbo oògùn tí ọmọ ti lò àti iye ọjọ́ sórí fọ́ọ̀mù, kí wọ́n má baà fa dáàṣì síbẹ̀. Kòkòrò àkọ́kọ́ yẹn náà ńkọ́? Láàbù tí kò ní fíríìsà tó tutù dáadáa kì í tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á sè é nínú ìkòkò tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò, wọ́n á dà á nù. Ẹ pè wọ́n lónìí. Tó bá ṣì wà, mo mọ ẹni tí a lè gbé e fún tó máa yẹ inú rẹ̀ wò.

Ìyá Ìbejì Kubwa

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti kọ oògùn náà sẹ́yìn fọ́ọ̀mù: Septrin ọjọ́ mẹ́ta, Flagyl ọjọ́ mẹ́ta, ceftriaxone ọjọ́ márùn-ún, amikacin ọjọ́ méje. Kẹ́hìndé ń bá Táíwò jà lórí rìmóòtù bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo pe láàbù. Wọ́n ní láti ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti sè é.